Ta Ló Ń Sanwó Dídán Páànù?

Àwọn àgbà mọ irú ẹni tí a ní kó kíni lẹ́yìn tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, àti ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ irú wọn kò le. Ẹni tó bá ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, o ò ní pè é mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tìrẹ ló kí, tó kí i tó mọ́ tónítóní, tó wá jẹ́ pé ojú ẹlòmíràn nílé kejì ló fẹ́ ata sí ńkọ́? Ṣé wàá tún pè é lọ́la? Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ rò nìyẹn, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, páànù ni mo sì fẹ́ fi rò ó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìjọba ló máa ń kún ìwé wa yìí, àbí irọ́ ni mo pa? Ṣùgbọ́n abẹ́ páànù náà la ti ń kọ ewì ìfẹ́, abẹ́ rẹ̀ la ti ń bú ìjọba. Ẹni tó bá dúró lórí Òkè Màpó n'Ìbàdàn tó bojú wolẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípáàrà ló máa rí lọ títí, pupa rúsúrúsú. Ẹ̀ka ìmọ̀ nípa irin ni mo wà, ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ aláró ló fi ń rẹ aṣọ.

Irin ni egungun páànù, síǹkì ni awọ rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pijin kúkú ń pe gbogbo rẹ̀ ní zinc, wọ́n fi orúkọ awọ pe egungun. Ará Faransé kan, Stanislas Sorel, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà ní 1837. Wọ́n á yọ́ síǹkì títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á ri irin tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ bọ inú rẹ̀, síǹkì á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lára páànù tó dára, síǹkì yẹn máa ń nípọn tó nǹkan bí 0.02 mìlímítà lójú kọ̀ọ̀kan. Èyí tó fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ lọ́jà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn máa wúlò fún wa níwájú.

Iṣẹ́ tí síǹkì ń ṣe yà mí lẹ́nu nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa. Kì í ṣe pé ó kàn bo irin bí aṣọ. Bí ìṣó bá ha páànù tí irin yọ síta, síǹkì tó wà nítòsí á kú dípò irin. Omi àti afẹ́fẹ́ á jẹ síǹkì níbẹ̀ kí wọ́n tó ráyè fọwọ́ kan irin. Ẹbọ ni ìwé ẹ̀kọ́ wa pè é, olùkọ́ wa ò sì fi ẹ̀rín sí i nígbà tó kà á. Síǹkì ń fi ara rẹ̀ rúbọ fún irin.

Ó dáa. Ta ló wá ń dáàbò bo síǹkì?

Síǹkì tuntun dà bí ọmọ tuntun tí àwùjẹ̀ rẹ̀ kò tíì le. Bó bá ti wà lórí ilé, tí òjò ń pa á tí oòrùn ń gbẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ á bá a hun awọ kan láàárín oṣù mélòó kan, awọ aláwọ̀ eérú tó le, tí òjò kì í tètè ṣí kúrò. Páànù náà ò ní dán mọ́, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà nìyẹn. Wàhálà rẹ̀ ni kó tó dé orí ilé. Bí wọ́n bá to páànù tuntun lé ara wọn, tí omi há sí àárín wọn tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọlé, síǹkì á bẹ̀rẹ̀ sí í di lẹ́búlẹ́bú funfun bí ẹfun. Ìpáàrà funfun nìyẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, páànù tó ti ilé-iṣẹ́ jáde tó ń kọ mànà á dà bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara nígbà ọyẹ́. Bó bá jẹ́ díẹ̀, ojú lásán ló bàjẹ́, ẹ̀mí páànù ò dín. Bó bá pọ̀ ni síǹkì ń tán.

Ibẹ̀ ni chromate ti wọlé. Ní nǹkan bí 1936 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún síǹkì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á ri nǹkan náà bọ omi tí wọ́n po chromate àti ásíìdì sí fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré, wọ́n á fà á jáde, ó parí. Ìpáàrà funfun ò ní lè sún mọ́ ọn bọ̀rọ̀. Lára páànù, ojú lásán kì í sábà rí awọ tí chromate fi sílẹ̀. Lára bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni ẹ ti máa rí i: àwọ̀ yẹ́lò tó ń yí padà bí epo tó dà sójú omi. Bí ẹ bá ti dúró lọ́dọ̀ mẹkáníìkì rí, ẹ ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí, torí ojú ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ìwà nìyí. Ipò méjì la sábà máa ń bá chromium nínú iṣẹ́ yìí. Ìkan jẹ́ onípò mẹ́ta, ìkejì jẹ́ onípò mẹ́fà. Onípò mẹ́ta jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ibi tí ẹ bá gbé e sí ló máa ń wà. Onípò mẹ́fà kì í gbé jẹ́ẹ́. Ó ń yọ́ nínú omi, ó ń rìn kiri, ó sì ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ohunkóhun tó bá pàdé. Àìgbéjẹ́ẹ́ rẹ̀ yìí gan-an ni oògùn tó fi ń wo páànù. Bí nǹkan bá ha ara páànù, ìrì díẹ̀ ti tó: onípò mẹ́fà tó wà nítòsí á yọ́ sínú ìrì náà, á rìn dé ojú egbò, á bá síǹkì tó wà níhòòhò jà, á sì di onípò mẹ́ta níbẹ̀, á jókòó, á di egbò náà pa. Egbò páànù jinná láìsí dókítà. Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ, àmọ́ ó dùn mọ́ mi. Irin tó ń wo ara rẹ̀ sàn!

Ìrìn kan náà ló sì ń rìn wọ ara èèyàn. Chromate jọ sulphate tí sẹ́ẹ̀lì ara wa máa ń gbà wọlé, sẹ́ẹ̀lì á wò ó, á rò pé ará ilé ni, á ṣílẹ̀kùn fún un. Bó bá ti dé inú, á bẹ̀rẹ̀ ìjà tó bá síǹkì jà, láti onípò mẹ́fà dé onípò mẹ́ta, inú ìjà yẹn ló sì ti ń ba DNA jẹ́. IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn ní 1990. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà jù. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ká mú ire inú rẹ̀ ká da ibi inú rẹ̀ nù. Ire àti ibi yẹn kì í ṣe méjì. Ohun tó jẹ́ kó mọ ọ̀nà dé ojú egbò páànù ló jẹ́ kó mọ ọ̀nà dé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ènìyàn.

Kì í sì í ṣe pé àná la mọ̀. Ní Shawfield, ní Rutherglen lẹ́gbẹ̀ẹ́ Glasgow ní Scotland, ilé-iṣẹ́ J. & J. White ti ń ṣe chromate jáde láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ronú pé òun á fi pa páànù. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń ní egbò tó jìn bí ihò lọ́wọ́ àti lápá. Ògiri tó pín imú sí méjì á jẹ, á lu. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà, tí ayaba fi jẹ oyè Lord Overtoun ní 1893, jẹ́ gbajúmọ̀ onígbàgbọ́. Ó ń fún ìjọ lówó, ó ń fún aláìní, ó sì wà lára àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n má ba ọjọ́ Ìsinmi jẹ́. Ní 1899 ni Keir Hardie, ọkùnrin tó ń jà fún òṣìṣẹ́, gbé ìwé pélébé jáde nípa rẹ̀: wákàtí 12 lójúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń ṣiṣẹ́ nínú eruku yẹn, ọjọ́ Ìsinmi pàápàá wà níbẹ̀. Ariwo sọ, àtúnṣe díẹ̀ wáyé.

Ó rọrùn láti pe Overtoun ní alágàbàgebè ká sì kọjá lọ. Hardie pè é bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé òṣìkà tó mọ ara rẹ̀ ní òṣìkà ni, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an sì nìyẹn. Ó ń mí afẹ́fẹ́ tó dára, ó ń rí owó, ó ń rí aláìní tí òun fi owó náà ràn lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ tòrò lójú rẹ̀. Imú tó lu kò sí nínú ilé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1967, àmọ́ pàǹtírí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ládùúgbò yẹn káàkiri. Ní 2019, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2021, odò kékeré kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Polmadie Burn ṣàn ní àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ rokoṣo bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, chromium ló fà á.

Bí Scotland bá jìnnà jù, tí ẹ ní ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní 1993 ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan àti ẹgbẹ́ Public Citizen kọ̀wé sí OSHA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, pé ìwọ̀n chromium onípò mẹ́fà tí wọ́n gbà láàyè nínú afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Máíkírógíráàmù 52 ni, nínú afẹ́fẹ́ tó lè kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ọdún 13 ni wọ́n fi fà á, ilé-ẹjọ́ ló sì ti OSHA lẹ́yìn kó tó yára. Ní 2004 wọ́n dábàá 1. Ní 2006 wọ́n fi òfin gbé e sí 5. Kí ló dé tí kì í ṣe 1? Wọ́n ní 5 ni ilé-iṣẹ́ lè ṣe láìjẹ́ pé ẹ̀rọ àti owó dí wọn lọ́wọ́. Wọn ò sì fi ohun tó kù pa mọ́: wọ́n ṣírò pé bí 1,000 òṣìṣẹ́ bá mí 5 yẹn fún ọdún 45, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yóò pa nǹkan bí 10 sí 45 nínú wọn tí kì bá ti kú.

Mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ibòmíràn, wọn ò ní kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo tábìlì yẹn, àwọn tó jókòó yí i ká, ẹ̀rọ ìṣírò lọ́wọ́ wọn, tíì nínú ife. Ẹni tó ń wọn nǹkan kò sí lórí òṣùwọ̀n.

Ojú ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Bí mo bá mu àgbo kíkorò nítorí ibà, ẹnu tèmi ló korò, ara tèmi ló yá. Mo ṣírò rẹ̀, mo gbé e mì, ẹnikẹ́ni ò lè bi mí. Ọlọ́kadà tó kọ̀ láti dé akoto, orí ara rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ẹnu tìrẹ bá korò kí ara tèmi lè yá, èmi kọ́ ló tọ́ láti sọ pé kíkorò náà ò pọ̀ jù. Ìwọ ni. O sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí o ń gbé mì kó tó di pé a ní o gbà.

Ǹjẹ́ wọ́n mọ̀? Nígbà tí mo ṣe I.T., ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, ọkùnrin kan wà níbi àgbá omi chromate tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Yẹ́lò nítorí àwọ̀ èékánná rẹ̀. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, òun ló ń fún àwa ọmọ I.T. ní gúgúrú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀ ti já ní ìka méjì. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀dá, ṣé wọ́n sọ ohun tó wà nínú omi yìí fún yín?"

Ó ní, "Wọ́n sọ ọ́ o. Wọ́n ní ká má mu ún."

Ẹ̀rín pa wá, èmi náà rín. Èmi tí mo lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, ìwé ẹ̀kọ́ mi sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Òun tó ti ń mí i láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n fún un nínú ìmọ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, kò gbà fún mi rárá. Ó ní, "Ìwọ àti àwọn òyìnbó rẹ. Wọ́n fi chromate kọ́ ilẹ̀ tiwọn tán, wọ́n là tán, ni wọ́n wá rántí pé ó lóró. Tálákà tó kọ́ ilé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, bí páànù rẹ̀ bá jò, ṣé ìwọ lo máa lọ bá a pààrọ̀ rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Òótọ́ ni pé Yúróòpù fòfin dè é lára ohun èlò iná mànàmáná láti oṣù keje 2006, lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti oṣù keje 2007, àti pé láti oṣù kẹsàn-án 2017 ni ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ tó bá fẹ́ lo chromium trioxide ti gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Òótọ́ sì ni pé ìgbà tí wọ́n ti jẹ àǹfààní rẹ̀ tó àádọ́rin ọdún ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi gbàgbé nǹkan méjì. Èkíní, Bọ̀dá Yẹ́lò náà tálákà ni. Kí ló dé tó jẹ́ pé tálákà tó ń kan páànù la rí, a ò rí tálákà tó ń ri í bọ omi? Èkejì wá jẹ́ ọ̀rọ̀ irin, tí kò mọ̀. Lórí òrùlé, chromate yẹn kì í pẹ́. Òjò á fọ̀ ọ́ lọ láàárín oṣù díẹ̀, síǹkì á sì ti wọ awọ eérú tirẹ̀. Ohun tó ń pinnu bóyá òrùlé máa lo ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ni bí síǹkì ṣe nípọn tó. Gbogbo oró yẹn, gbogbo eruku àti ìkùukùu inú ilé-iṣẹ́ yẹn, nítorí ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàárín ilé-iṣẹ́ àti orí ilé ni. Nítorí kí páànù lè dán nígbà tí oníbàárà bá ń wò ó lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà tálákà tó ń kọ́lé, ọ̀rọ̀ síǹkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó bá wọn fà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jí i lówó.

Ẹ ó bi mí pé kí la wá fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ti rí oríṣiríṣi. Chromium onípò mẹ́ta, ẹni jẹ́jẹ́ yẹn, wọ́n ti ń lò ó níbi púpọ̀. Àwọn kan ń lo zirconium tàbí titanium, àwọn mìíràn ń lo phosphate, silane, tàbí kí wọ́n fi oje ike tó fẹ́lẹ́ bo páànù náà. Epo lásán tí wọ́n ń fi pa á lára láyé àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Mi ò ní tàn yín: púpọ̀ nínú wọn kò mọ bí a ṣe ń rìn lọ dí egbò. Ibi tí a bá kùn wọ́n sí ni wọ́n wà. Òmíràn nínú onípò mẹ́ta sì ní cobalt nínú kí iṣẹ́ rẹ̀ lè lágbára, iyọ̀ cobalt náà kì í ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn mí. A lè sá fún ikú ká bọ́ sí àkọ̀ idà, nítorí náà ẹni tó bá kọ "kò ní chromate" sára ọjà, a ṣì gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló ní. Àmọ́ pé arọ́pò kò pé kò sọ pé ká má rọ́pò.

Nígbà tí mo ka ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ síǹkì máa ń fún ènìyàn nípa páànù tí kò ní chromate, ẹnu yà mí. Ẹ má to ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi igi gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò. Ẹ fi nǹkan sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Ẹ má fi ọ̀rá wé e pinpin kó máa làágùn nínú rẹ̀. Bó bá tutù, ẹ tú u ká kó gbẹ kí ẹ tó tún un tò. Ẹ sọ fún mi, kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tó ń sá èlùbọ́? Ojú ọ̀run ló ń wò. Bí òjò bá ṣú, á kó o wọlé. Bí oòrùn bá yọ, á tún un sá. Chromate ló gbà wá lọ́wọ́ gbogbo ìyọnu yẹn. Ó jẹ́ ká lè to páànù sẹ́yìn tírélà láìwẹ̀yìn, kó dúró sójú òjò ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Àpápá nígbà tó le jù, kó ṣì dé ọjà tó ń dán. Nítorí náà, kì í ṣe síǹkì nìkan ló ń dáàbò bò. Ó ń dáàbò bo àìbìkítà tiwa náà. Ìtọ́jú tí ó yẹ kí gbogbo wa pín ṣe díẹ̀ díẹ̀, ọlọ́jà, awakọ̀, káfíńtà, onílé, a dì í ní ẹrù kan ṣoṣo, a gbé e ka ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó dúró ti àgbá omi.

Bí mo ṣe rí i nìyí o. Lójú mi, bó bá jẹ́ àbàwọ́n díẹ̀ àti wàhálà díẹ̀ ni ohun tí yóò ná wa láti jáwọ́, gbèsè tiwa ni, a ò lè sọ pé ó wọ́n.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Alhaji kan tó ń ta páànù lọ́jà ẹ̀yìn ọgbà wa, kí n má baà dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Mo kí i, ó ní kí n jókòó, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fa páànù méjì yọ. Ìkan ń dán. Ìkejì ní funfun díẹ̀ létí.

"Ọmọ mi, o ò parọ́," ló wí. "Ọmọ ìyá kan náà làwọn méjèèjì yìí o, ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọlé. Èyí tó ń dán, wọ́n á san owó rẹ̀ láì bi mí ní nǹkan kan. Èyí, wọ́n á ní inú omi ni mo ti yọ ọ́, wọ́n á ní ayédèrú ni, wọ́n á dá owó rẹ̀ sí méjì. Ta ló máa san ìyókù? Èmi ni, àbí òṣìṣẹ́ tó ò ń wí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, oníbàárà ló yẹ kó san án."

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Ó ti dáa. Mú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kan wá fún mi, ẹyọ kan péré, tó máa ra alábàwọ́n ní iye aláìlábàwọ́n. Ọjọ́ tó o bá mú un wá, ọjọ́ náà ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èyí tí kò ní kẹ́míkà yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o fún mi."

Mo ní èmi fúnra mi ni oníbàárà náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ilé dà? Bẹ́ẹ̀dì kan ni mo ní láyé yìí, nínú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́fà.